Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá Nvidia, AMD àti Intel: ẹ ṣí mẹ́mórì káàdì gíráfíìkì sílẹ̀ fún wa

Sí Ọ̀gá Jensen Huang ti Nvidia, Màmá Lisa Su ti AMD àti Ọ̀gá Lip-Bu Tan ti Intel,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kí yín. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe níbí, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, ọdún ìbílẹ̀, gbogbo ibi táwọn èèyàn bá ti ń náwó tí wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn tó wà lókè òkun rí i. Mo mọ̀ pé ó ṣòro kí lẹ́tà èmi yìí dé orí tábìlì yín, àmọ́ àwọn tó ń fowó wọn ra ọjà yín á kà á, ìyẹn náà tó mi.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Lóṣù kẹrin 2025, Nvidia gbé RTX 5060 Ti jáde, káàdì gíráfíìkì, ìyẹn apá kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán àti fídíò, ọ̀kan ní mẹ́mórì 8GB, èkejì ní 16GB, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Lóṣù kẹfà, AMD náà ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú RX 9060 XT, 8GB ní 299 dọ́là, 16GB ní 349. Nígbà táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fapá jánú, Frank Azor tó wà nídìí ọ̀rọ̀ géèmù ní AMD kọ ọ́ sórí X pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣeré géèmù ṣì wà lórí 1080p, ìwọ̀n àwòrán tí kò tóbi púpọ̀, pé wọn ò nílò ju 8GB lọ. Ó dáa, mo gbọ́. Ẹni tí 8GB bá tó lónìí kó ra 8GB. Àmọ́ tó bá di ẹ̀ẹ̀mí-ìn tí kò tó o mọ́ ńkọ́? Kí ló dé tí kò lè ra 8 mìíràn kó fi kún un? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé káàdì náà látòkèdélẹ̀ ló máa pààrọ̀, ṣíìpù ẹ̀ tó ṣì le, fáànù ẹ̀, irin ẹ̀, gbogbo ẹ̀, torí ohun kan ṣoṣo tó kéré lára ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe wá. Tí wọ́n bá ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, òru yẹn sì lọ̀rọ̀ ń dùn, àwàdà, ìwúre, èébú fún ẹni tó bá hùwà tí kò dáa nílùú. Mo lọ yà á ní 4K. Iná ò tó, mo ní láti gbé ISO kámẹ́rà, bó ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, sókè, gbogbo ibi tó dúdú nínú fídíò wá kún fún wóró-wóró. Ohun èlò kan wà nínú DaVinci Resolve, ètò tí a fi ń ṣàtúnṣe fídíò, nínú ẹ̀yà tí a ń sanwó fún, tó ń pa wóró-wóró yẹn rẹ́, bó ṣe ń ṣe é ni pé á wo férémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú fídíò) tó ṣáájú àtàwọn tó tẹ̀ lé e, á fi wọ́n wéra, á mọ èyí tó jẹ́ ojú èèyàn àti èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí. Férémù 4K kan ní pixel, àmì àwọ̀ kéékèèké, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ fún ìṣirò 32-bit, ẹyọ kan ṣoṣo á gbà tó 130MB nínú mẹ́mórì káàdì. Ẹyọ kan o! Ẹ wá kó mẹ́wàá mọ́kànlá jọ, ẹ gbé àtúnṣe àwọ̀ lé e, ẹ gbé àkọlé lé e, ẹ fi fídíò kámẹ́rà kejì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, 8GB ti tán nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sójú ẹ pé mẹ́mórì GPU, ṣíìpù tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì, ti kún, iṣẹ́ dúró, oníbàárà ń pe fóònù.

Ohun tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni pé ṣíìpù yẹn ò tíì rẹ̀. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́, kò gbóná, agbára wà níbẹ̀ tí kò rí ibi tó máa lò ó sí, bíi télọ̀ tó ní máṣíìnì iná tó ń sáré àmọ́ tí tábìlì ẹ̀ ò gba aṣọ. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì èmi, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nínú kọ̀ǹpútà kan náà yẹn, mẹ́mórì (RAM) tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo nǹkan wọ̀ sí, 16GB ni tẹ́lẹ̀. Mo ra RAM méjì ní Kutọnu, ọmọ iṣẹ́ mi ṣí ara kọ̀ǹpútà, ó tì í wọlé, ó di 32, a tan iná, a ń bá iṣẹ́ lọ. A ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ mi yìí náà ń wá bí kọ̀ǹpútà ṣe máa gbọ́ Yorùbá tí a ń sọ níbí, kó lè máa kọ ọ̀rọ̀ inú fídíò sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì èdè, ìyẹn ọpọlọ AI tó ń lóye ọ̀rọ̀, tó ní bílíọ̀nù 7 nọ́ńbà nínú, tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì méjì, 14GB ni kó tó la ẹnu rárá. Lórí 8GB, àfi kó fún nọ́ńbà wọ̀nyẹn pọ̀ kó tó wọlé, kó máa wá fara da àṣìṣe tó bá tẹ̀ lé e.

2. Kò rí báyìí látilẹ̀. Ẹ̀yin gan-an mọ̀. Ní 1995 tí Matrox gbé káàdì Millennium jáde, ibi tí èèyàn máa ki mẹ́mórì mìíràn bọ̀ wà lórí ẹ̀, ẹni tó ra 2MB lè fi kún un títí dé 8MB. Àwọn káàdì S3 Trio64 tó kún ìgboro nígbà yẹn, 1MB ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá wá, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ṣófo, o ra ṣíìpù méjì, o fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó di 2MB. ATI náà ṣe é lórí àwọn káàdì Rage kan, wọ́n fi ibi tí RAM kékeré ń wọ̀ sí i, irú èyí tó ń wọ láptọ́ọ̀pù. Màmá Lisa, ATI yẹn, AMD ti rà á láti 2006. Ẹ ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìn ilé fún yín, ẹ̀ẹ́ rí i níbẹ̀.

3. Mo mọ ohun táwọn ẹnjiníà yín máa sọ, mi ò sì ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Mẹ́mórì ayé ìgbà yẹn ń rìn, tòní ń fò. GDDR7, mẹ́mórì tó wà lórí 5060 Ti, wáyà dátà kọ̀ọ̀kan ń gbé bílíọ̀nù 28 bit kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó jẹ́ pé RAM DDR5 tí a ń rà nígboro, 5600, wáyà tiẹ̀ ń gbé bílíọ̀nù 5 àti díẹ̀. Tí iná bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀, ibi tí irin ti kan irin nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì á máa dá díẹ̀ nínú ẹ̀ padà, ọ̀nà náà á gùn sí i, dátà á dàrú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó ṣíìpù mẹ́mórì mọ́ bọ́ọ̀dù yí GPU ká, kí wọ́n sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Kódà Framework, àwọn tó fi títún-nǹkan-ṣe ṣe òwò, nígbà tí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn ní 2025, wọ́n jó mẹ́mórì mọ́ ọn. Nirav Patel tó jẹ́ ọ̀gá wọn sọ pé àwọn bẹ AMD kí wọ́n wò ó bóyá ó lè ṣeé yọ, àwọn ẹnjiníà AMD wò ó, wọ́n ní dátà ò ní dúró lórí ọ̀nà 256-bit, ọ̀nà tó ń gbé 256 bit lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà. Mo fara mọ́ ọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n béèrè tèmi.

Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ GDDR kúrò? Ẹ fi eléyìí tó ń fò síbi tó wà, ẹ jó o mọ́ ọn, kó máa ṣe iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìyára. Ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí ẹ̀yìn káàdì fún mẹ́mórì kejì tó rọra ń rìn. Lónìí, tí mẹ́mórì káàdì bá kún, kí ló ń ṣe? Ó ń lọ yá RAM mọ́dábọ́ọ̀dù, ó ń gba orí PCIe, ọ̀nà tó so káàdì mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, kọjá. 5060 Ti ní ọ̀nà PCIe mẹ́jọ péré. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò níbí, PCIe 3.0, ìyẹn ò ju bíi 8GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. RAM DDR5 kan ṣoṣo, 5600, tó jókòó sórí káàdì fúnra ẹ̀, ó lè gbé 44.8GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ó ju ìlọ́po márùn-ún lọ! Ìyàtọ̀ iṣẹ́ tó dúró pátápátá àti iṣẹ́ tó ń falẹ̀ àmọ́ tó máa parí kílẹ̀ tó mọ́, ìyẹn nìyẹn, ẹni tó bá ń dúró de fídíò òkú bàbá ẹ̀ ò ní béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó yára.

Ẹ má sì sọ pé kò sẹ́ni tó ń ro irú ẹ̀. AMD yín náà fi ibi tí SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì) ń wọ̀ sórí Radeon Pro SSG ní 2016, 1TB lórí káàdì, nítorí àwọn tó ń ṣe fíìmù ńlá. Bolt Graphics ní Amẹ́ríkà kéde káàdì kan tó ń jẹ́ Zeus ní 2025 tó ní ibi tí RAM láptọ́ọ̀pù ń wọ̀ lórí ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkéde ṣì yàtọ̀ sí ọjà tó wà lórí àtẹ. JEDEC tó ń gbé ìlànà mẹ́mórì kalẹ̀ ti tẹ ìlànà CAMM2, mẹ́mórì pẹlẹbẹ tó ṣeé tú, jáde láti oṣù kejìlá 2023, ó sì ti wà nínú láptọ́ọ̀pù ThinkPad P1 láti 2024, LPDDR5X, mẹ́mórì láptọ́ọ̀pù tí gbogbo èèyàn sọ pé kò ṣeé yọ, wọ́n ń fi skúrù de é, wọ́n ń tú u. Ọ̀gá Jensen, tiyín ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 2025, Micron kéde SOCAMM tí wọ́n bá yín ṣe pọ̀, mẹ́mórì tó ṣeé yọ fún ẹ̀rọ sáfà yín tó ń ṣiṣẹ́ AI. Ẹ sì mọ̀ pé ó dáa kí mẹ́mórì ṣeé yọ nígbà náà, tó bá ti jẹ́ pé ẹni tó ń ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń rà á.

4. Àwáwí pé mẹ́mórì ń sáré jù yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè ṣeé ṣe láéláé. Ó ku àgádágodo tí ẹ̀yin fúnra yín fi sí i. Ìyẹn ńkọ́?

Ẹ wo RTX 3070 tó jáde ní 2020. Ṣíìpù mẹ́mórì mẹ́jọ ló wà lára ẹ̀, 1GB ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní Rọ́ṣíà, àwọn kan ní Bràsíìlì, wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ ọ́, wọ́n jó ṣíìpù 2GB mẹ́jọ sípò ẹ̀, wọ́n sún àwọn rẹsítọ̀ kéékèèké tó ń sọ fún káàdì irú mẹ́mórì tó wà lára ẹ̀, káàdì tan, ó ka 16GB. Fídíò ẹ̀ wà, gbogbo ayé rí i. Ní Ṣáínà, wọ́n ń ta RTX 2080 Ti tó ti di 22GB láti 11. Wọ́n sọ 4090 tó jẹ́ 24GB di 48GB, òwò gidi ni, wọ́n ń rà á fún iṣẹ́ AI. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò ní ilé-iṣẹ́ ńlá, òmíràn nínú wọn, ṣọ́ọ̀bù ló ní.

Tẹ́ ẹ bá wá sí Ouando níbí, mo lè mú yín dé ọ̀dọ̀ ọmọdékùnrin tó ń fi maikrosíkóòpù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná pààrọ̀ ṣíìpù lórí bọ́ọ̀dù fóònù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju èékánná lọ, tí iná SBEE bá lọ á gbé jẹnẹrétọ̀, á bá iṣẹ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Tí mo bá gbé káàdì mi fún un, ohun tí ò ní jẹ́ kó lè ṣe é ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ rárá. BIOS káàdì ni, ètò kékeré tó ń jí káàdì, tí ẹ fi ìbuwọ́lù dígítà tì pa, tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ nǹkan tuntun sínú ẹ̀. Tí tábìlì mẹ́mórì tó wà nínú BIOS yẹn ò bá mọ ṣíìpù 2GB, tàbí 3GB tó ti wà nínú GDDR7 báyìí, ó parí, bó ti wù kí ọwọ́ èèyàn mọ́ tó. Àwòrán bọ́ọ̀dù náà, ẹ ò gbé e síta, ẹni tó bá máa rí i àfi kó wá a lọ́nà ẹ̀yìn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣe GDDR, Samsung, SK Hynix àti Micron, wọn kì í tà á lẹ́yọ fún irú wa, lára káàdì tó ti kú la ti ń tú u.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ lè ní fisíìsì ló kọ̀ ọ́. BIOS tí ẹ tì pa, fisíìsì kọ́ ló kọ̀ ọ́. Èèyàn ló jókòó tó pinnu ẹ̀, èèyàn náà ló sì lè yí i padà.

5. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ owó tó wà ńbẹ̀, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

RTX 4060 Ti jáde ní 2023, 8GB ní 399 dọ́là, 16GB tẹ̀ lé e ní 499. Ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí 8GB. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 5060 Ti, 379 àti 429, àádọ́ta dọ́là lẹ gbà fún 8GB nígbà tó jáde, mẹ́mórì tó tún yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún wa pé ohun tí a nílò yìí ò ju àádọ́ta dọ́là lọ, pẹ̀lú èrè yín nínú ẹ̀. Bíi 30,000 sẹ́fà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Benin láti 2023, 52,000 sẹ́fà ni. Ẹni tó bá ń fi owó kékeré kó nǹkan jọ lè rí 30,000 lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Àmọ́ kò sí ibi tó ti máa ra 8GB ní 30,000, ohun tí ẹ ní kó rà ni káàdì tuntun tó ju 250,000 lọ, káàdì tó jẹ́ pé ṣíìpù inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ló wà nínú 16GB yẹn gan-an? Ọ̀nà dátà 128-bit ni, ṣíìpù mẹ́rin ló gbà, 32-bit ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2GB ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ 8. Láti sọ ọ́ di 16, wọ́n jó mẹ́rin mìíràn sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, wọ́n kọjú síra. GPU kan náà. Ó parí. Mo wá rò ó pé tí ẹ bá ń ṣe bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún méjèèjì, tí ẹ kàn fi ẹ̀yìn ti 8GB sílẹ̀ ní òfìfo, ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n máa jó mẹ́rin yòókù mọ́ ti wà níbẹ̀ nìyẹn?

Èyí tó jẹ́ ojú abẹ níkòó ni ti òkè lọ́hùn-ún. RTX 4090, 24GB, 1,599 dọ́là. RTX 6000 Ada, ṣíìpù AD102 kan náà, 48GB, 6,800 dọ́là. Mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ wọn ju mẹ́mórì lọ, èyí tó wọ́n ní kọ́ọ̀rù tó pọ̀ sí i, ó ní àbójútó tiẹ̀. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń rà á pé kí ni wọ́n ń wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní 48GB yẹn ni. Tí ẹni tó ra 4090 bá lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ sọ ọ́ di 48, ta ló máa san ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lé e? Ìdí abájọ nìyẹn, ẹ má bínú. Owó àwọn ńlá lẹ ń ṣọ́, àwa kékeré la wà lójú ọ̀nà.

6. Ọ̀rọ̀ mẹ́mórì ti gbé Nvidia dé ilé ẹjọ́ rí. GTX 970 tó jáde ní 2014, 4GB ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ ààbọ̀ GB tó kẹ́yìn ń falẹ̀ gan-an ju tòkè lọ. Ní 2016 wọ́n gbà láti san 30 dọ́là fún ẹni tó rà á ní Amẹ́ríkà. Ní Amẹ́ríkà o. Mo kàn rán yín létí pé 8GB tó bá 16GB jẹ́ orúkọ kan náà lórí páálí, ọmọ kékeré tí bàbá ẹ̀ rán kó lọ ra káàdì ní Kutọnu ò ní mọ ìyàtọ̀, ẹni tó ń tà á fún un pẹ̀lú lè má sọ.

7. Ìdọ̀tí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ayé kó ìdọ̀tí ẹ̀rọ tó jẹ́ 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù jọ ní 2022, 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sì wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n kó tí wọ́n tún un lò bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tó ń tẹ ìwé aláràbarà lọ́dọọdún nípa àyíká, etí òkun tiwa níbí ni apá kan nínú ẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí pẹ̀lú orúkọ tòkúnbọ̀.

8. Mẹ́mórì ti wá di wúrà báyìí, AI ń gbé gbogbo ẹ̀ mì. Lóṣù kejìlá 2025, Micron kéde pé àwọn máa dá Crucial dúró, orúkọ tí a mọ̀ lára RAM láti ìgbà pípẹ́, kí àwọn lè gbájú mọ́ àwọn oníbàárà ńlá. Ẹ lè fi ìyẹn kẹ́wọ́ pé mẹ́mórì ti wọ́n, báwo lẹ ṣe máa fún wa sí i. Òdìkejì ẹ̀ ni mo rí. Tí mẹ́mórì bá wọ́n, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó ṣeé yọ, kí n lè tú ti káàdì mi àtijọ́, kí n gbé e lọ sínú tuntun, kẹ́ ẹ ta ṣíìpù nìkan fún mi. Lónìí, tí káàdì 16GB bá kú torí GPU ẹ̀ jó, 16GB mẹ́mórì tó dáa ló bá a lọ sí àkìtàn.

Ó yá, ohun tí a ń béèrè rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn lórí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ẹ gbé irinṣẹ́ kan jáde, tí ẹ fi ìbuwọ́lù yín sí fúnra yín, tó máa jẹ́ kí BIOS mọ ṣíìpù mẹ́mórì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, fún gbogbo káàdì tí ẹ ò bá tà mọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn yín, ẹ kàn ṣí fèrèsé yìí. Káàdì tí ẹ ò tà mọ́, kí lẹ tún ń ṣọ́ lára ẹ̀?

Èkejì, àwòrán bọ́ọ̀dù àti ìwé àtúnṣe, ẹ gbé e síta fún àwọn káàdì tí àkókò gàrántì wọn ti kọjá. Èyí ò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta, 8GB tó bá ní ẹ̀gbọ́n 16GB, ẹ lo bọ́ọ̀dù kan náà, ẹ fi ibi ṣíìpù ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń jó ṣíìpù bá wa jó o. Tí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, ó kéré tán, ẹ fún wọn ní orúkọ méjì.

Ẹ̀kẹrin, káàdì kan, ẹyọ kan ṣoṣo, tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì fún mẹ́mórì kejì. Ọ̀gá Lip-Bu, ẹ̀yin ni mo ń wò lórí eléyìí. Ọ̀gá Jensen àti Màmá Lisa, Taiwan kan náà ni wọ́n bí wọn sí, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ọjà wọn náà sì ti ń jọra bí ọmọ ìyá, mi ò rò pé ọ̀kan máa kọ́kọ́ ṣe ohun tí èkejì ò ṣe. Intel ló kéré jù lọ́jà káàdì yìí, ẹ̀yin náà lẹ fi 12GB sórí B580 ní 249 dọ́là ní 2024 nígbà táwọn tó kù ń fún wa ní 8. Ẹ ò ní káàdì 6,800 dọ́là tí ẹ ń ṣọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é, gbogbo Ouando, gbogbo Kutọnu, dé Ikeja lọ́hùn-ún, ọjà ẹ̀ la máa rà, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó.

Ẹ má dúró de òfin. Àwọn oníléeṣẹ́ fóònù sọ fún Yúróòpù títí pé bátìrì tó ṣeé yọ ò ṣeé ṣe mọ́, pé omi á wọlé, pé fóònù á nípọn. Òfin bátìrì Yúróòpù ti wà nílẹ̀, oṣù kejì 2027 ni apá tó ní kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yọ bátìrì ẹ̀ fúnra ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Káàdì gíráfíìkì ò sí nínú ẹ̀, mo mọ̀. Kò tíì sí nínú ẹ̀.

Ìkarùn-ún, èyí kéré, àmọ́ òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn torí kò gba ìpàdé kankan: ẹ sọ fún wa ní gbangba, káàdì wo nínú èyí tí ẹ ti tà láti 2020 ni BIOS ẹ̀ ti mọ ṣíìpù mẹ́mórì tó tóbi jùyí tó wà lára ẹ̀ lọ. Àwọn ẹnjiníà yín mọ̀ ọ́n, ó wà nínú fáìlì kan lọ́dọ̀ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ìwé kan ṣoṣo, èyí tó kù ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
oníṣẹ́ fídíò kan ní Àjàṣẹ́